“Gbé mì” yàtọ̀ sí “dà”: ọ̀rọ̀ fún kòkòrò ikọ́ ife nínú sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀. Nínú ìwé ìlera tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri nílùú Ifẹ̀, ẹ pe kòkòrò ikọ́ ife ní “afarapamọ́”. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó fara pamọ́, wọn ò tíì rí i. Èyí, wọ́n ti rí i, wọ́n ti gbá a mú, wọ́n ti gbé e mì.

Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ pè ní “ajẹkòkòrò”, èyí tó ń gbé kòkòrò mì láti dáàbò bo ara, ò rún nǹkan kan lẹ́nu. Ṣe ló na ara rẹ̀ yí kòkòrò ká, tó gbé e mì sínú àpò, bí ẹni gbé òkèlè iyán mì. “Agbékòkòròmì” ni kí a pè é, kí àpò náà jẹ́ “àpò ìgbémì”. Tí nǹkan bá ń lọ déédéé, àpò yìí á máa kan sí i, pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan: bó ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i) á wálẹ̀ dé nǹkan bíi 5, á sì papọ̀ mọ́ èkejì tó kún fún èròjà tó ń gé nǹkan wẹ́wẹ́: “àpò amúǹkandà”. Kòkòrò á dà.

Ti ikọ́ ife kì í jẹ́ kó débẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ àti àwọn purotéènì tó ń tú jáde ń dí ìpapọ̀ yẹn lọ́wọ́. Pọ́ǹpù tó ń tú ásíìdì sínú àpò ò sì pọ̀ tó, pH ò ju bíi 6.2 sí 6.4 lọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. “Àìdà” ló bá a mu.

(Kòkòrò mìíràn, Listeria, tiẹ̀ ń ya àpò náà, á jáde sínú omi sẹ́ẹ̀lì. Kòkòrò Salmonella ní tirẹ̀ ń gbé inú àpò kíkan yẹn ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.)

*

Àbúrò, o káre. Mo gba “agbékòkòròmì”. Àmọ́ ìyá aláta ní Odò-Ogbè tó bá ka “àìdà” lára ògiri, oúnjẹ tí kò dà ní inú ni yóò rò, á ra oògùn inú. Ẹni tó sì ní kòkòrò náà lára fún ọdún púpọ̀ láìwúkọ́ ńkọ́? Torí rẹ̀ ni mo fi sọ pé ó fara pamọ́.

*

Ìyẹn, “ikọ́ ife tó ń sùn” ni kí a pè é, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Fún ògiri, kí a kọ gbólóhùn: “Ara gbé kòkòrò yìí mì, àmọ́ kò dà.” Kí “àìdà” wà fún ìwé akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀.