Whot tó ti gbó là ń ta: ẹ sọ tiyín

Ará Ṣómólú

Ní ilé wa lẹ́yìn Bajulaiye, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé páàkì káàdì Whot tuntun wá síbi eré ọ̀sán Sọ́ńdè. Èyí tó ti gbó là ń ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Whot tó bá ti pẹ́ kì í ní àṣírí mọ́. Èyí tí etí rẹ̀ ya, èyí tí epo ta sí lẹ́yìn, èyí tí ọmọdé fi báírò kọ nǹkan sí: ojú ti mọ gbogbo wọn. Bí ẹni tó kàn bá rí i pé 20, ìyẹn Whot fúnra ẹ̀ tó ń bá gbogbo káàdì lọ, ló wà lókè ọjà (káàdì tí a dojú ẹ̀ dé sílẹ̀ fún fífà), á di káàdì tó yẹ kó jù mú, á ní òun ń lọ sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi páálí kékeré bo orí ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ mú á na ọwọ́ sábẹ́ páálí, á fa ẹyọ kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ ńkọ́? Kálẹ́ńdà àtijọ́ la ń ṣẹ́ po, kálukú á to káàdì tirẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀.

Kí a tó pín, a máa ń kà á. Láti ìgbà tí William Storey ti ṣe eré yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930 ni orúkọ ẹ̀ ti ń jẹ́ Whot. Páàkì tiwa gbọ́dọ̀ pé 54: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, Whot fúnra ẹ̀ 5. 8, tó ń fo ẹni tó kàn, ò ju mẹ́ta lọ, torí àgbélébùú àti onígun mẹ́rin ò ní in. Ẹni tó bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tún lè fo òun.

Tí ọ̀kan bá wá sọnù, Ṣómólú la wà, ilé ìtẹ̀wé kún àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé máa ń bá wa gé páálí tó ṣẹ́kù lára ìwé ìpè ìgbéyàwó, a ó sì fi máàkà ya àmì sí i. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú páàkì tó ti gbó, káàdì tuntun ni gbogbo ayé ń dá mọ̀. Ó mọ́, ó le, ó ń dún pàì tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀. A kì í jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Inú àpò ṣòkòtò ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ gbé, kí òógùn àti eruku mú un, kí igun ẹ̀ rọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ èmi ò lè bo ọjà láéláé. Lọ́dọ̀ wa nítòsí Campos, mímọ ẹ̀yìn káàdì wà lára eré. Tí àlejò bá dé, a ó kó gbogbo páàkì fún un kó tó jókòó, kó wo ojú, kó wo ẹ̀yìn, títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìrẹ́jẹ ti tán níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan wá kí ará ilé wa nígbà kan. Ó wo páàkì náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí eré gbóná, ó ti rí i látẹ̀yìn pé ìràwọ̀ 7 wà lọ́wọ́ mi, torí etí ẹ̀ ti jẹ. Gbogbo ìgbà tó bá já Whot, tó sì yẹ kó pe àmì tí a ó jù, gbogbo àmì ló ń pè àfi ìràwọ̀. Ọjà tán, a ka iye tó wà lórí káàdì tó kù lọ́wọ́ kálukú, ìlọ́po méjì sì ni wọ́n ń ka ìràwọ̀: 14 lórí káàdì ẹyọ kan! Títí dòní ni mò ń fi ọgbọ́n ìyá yẹn kọ́ àwọn ọmọdé.

Àǹtí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta

N ò ní pẹ́. Tiwa, Whot màmá wa ni, inú agolo mílíìkì ló ń gbé. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń mú un, méjì á lẹ̀ mọ́ra, ẹni tó ní òun mú ẹyọ kan á mú méjì, ìjà dé nìyẹn. Páúdà ọmọdé la fi ń yanjú ẹ̀. A ó wọ́n díẹ̀ sórí ìwé, a ó fi káàdì kọ̀ọ̀kan nù ún, a ó gbọn ìyókù dànù. Kó má pọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi ọ̀rá bo káàdì yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ó ki, kò ṣeé dà pọ̀ mọ́.

Bọ̀dá Ṣómólú, onígun mẹ́rin 13 wa sọnù nígbà tí a kó kúrò ní Àpápá Road. Ṣé ẹ lè bá mi gé ọ̀kan? Kí ni kí n mú wá?

Ará Ṣómólú

Àǹtí, a ó gé e. Ẹ mú káàdì kan wá látinú páàkì yẹn gan-an, ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n nílé, torí etí ti jẹ. Èyí tó gbó jù ni kẹ́ ẹ mú, òun la ó fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mò ń bọ̀ ní Campos ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ kó páàkì yín sílẹ̀ dè mí kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀.