Ẹlẹ́ja kọ́ ló ni ẹja: lórí "onípìn-ín" àti ẹ̀rọ tí a ń rán níṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbúrò wa tó ń kọ ìwé ìlò fún irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ni yóò máa lo irinṣẹ́ náà. Èèyàn á bi ẹ̀rọ pé ta ló ni ṣíà, ìyẹn ìpín, iléeṣẹ́ báyìí, ẹ̀rọ á ké sí irinṣẹ́, irinṣẹ́ á sì kó orúkọ, iye ṣíà àti ọjọ́ inú ìwé wá. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú ti dáhùn: "ìsọfúnni" fún dátà, "aṣojú" fún ẹ̀rọ, "onípìn-ín" fún ẹni tí ṣíà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gba ti ìsọfúnni. Bí a bá kọ "dátà" síbẹ̀, èyí tí à ń rà sórí fóònù ni gbogbo èèyàn máa rò.

"Aṣojú" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Aṣòfin ló ń mú wá sọ́kàn mi, ẹni tí a dìbò fún tí a kò tún fojú kàn títí ọdún mẹ́rin fi pé. "Éjẹ́ǹtì" tí àwọn kan dá lábàá tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ní Ẹpẹ níbí, éjẹ́ǹtì ni ẹni tó ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́ta. "Ìránṣẹ́" ni mo fara mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ìránṣẹ́ kì í lo làákàyè tirẹ̀. Ẹ dákun sà, ta wá ni a ń bá wí tí a bá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ? Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe náà nìyẹn: ó máa ka àlàyé tí a kọ sábẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì fúnra rẹ̀ pinnu èyí tó máa lò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú àlàyé náà kò fi gbọdọ̀ ní ojú méjì.

Ojú méjì gan-an sì ni "onípìn-ín" ní.

Ẹ bá mi dé ọjà Olúwo láàárọ̀. Ta ni ẹlẹ́ja? Obìnrin tó tẹ́ ẹja sílẹ̀ tó ń tà á ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwìn ló ti gbà á lọ́wọ́ apẹja, tí kò tíì san kọ́bọ̀. "Oní-" yẹn, tó di "ẹlẹ́-" níwájú ẹja, tó di "alá-" níwájú aṣọ, ẹni tó ń ta nǹkan àti ẹni tó ni nǹkan ló jọ ń tọ́ka sí. Mo bi ìyá tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni oníṣíà. Kò ronú rárá: "Ẹni tó ń ta ṣíà ni."

Bẹ́ẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló lè wà nídìí ṣíà kan: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ẹni tó ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe, àti olówó gan-an. Abala 120 nínú òfin iléeṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2020 sọ pé ẹni tó bá ní ìdá 5 nínú 100 agbára ìdìbò iléeṣẹ́ tí gbogbo ayé lè ra ṣíà rẹ̀, ìbáà jẹ́ orúkọ tirẹ̀ tàbí orúkọ ẹlòmíì ló fi dì í mú, gbọ́dọ̀ fi tó iléeṣẹ́ náà létí láàárín ọjọ́ 14. Òfin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ọ̀tọ̀, olówó ọ̀tọ̀. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, alámòójútó tí irú ṣíà tí òfin wọn dárúkọ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ bá tó mílíọ̀nù 100 dọ́là gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣàlàyé wọn fún SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà níbẹ̀, láàárín ọjọ́ 45 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó lè jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni ó ń tukọ̀ rẹ̀. Kí ọjọ́ 45 yẹn tó pé pàápàá, ẹja inú ìwé lè ti di ọbẹ̀, wọ́n lè ti ta ṣíà náà, nítorí náà kí àbúrò wa ya ọjọ́ tí ìwé ń sọ̀rọ̀ bá sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀.

Àbá mi: "alámòójútó ìpín" fún ẹni tó ń pinnu, "ayánilórúkọ" fún ẹni tí wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ bojú, bí a ṣe ń wí "ayánilówó", "ẹni tó ni ín" fún olówó gan-an. "Ni" ni mo wí o, kì í ṣe "ní". Ó ní ọkọ̀ lọ́wọ́, ta ló ni ọkọ̀? Ohùn orí yẹn ló yà wọ́n. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í fi àmì ohùn sórí orúkọ tí wọ́n ń sọ irinṣẹ́, "ni" àti "ní" á wá di ìbejì. Inú àlàyé la ti gbọ́dọ̀ fi àmì sí i pé pérépéré.

"Ayánilórúkọ" ṣì ń kọ mí lóminú díẹ̀, ó fẹ́ dún bí oníjìbìtì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó bófin mu ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jù, kó gbé e wá.

Gbólóhùn tí mo kọ nìyí: "Lo irinṣẹ́ yìí bí wọ́n bá bi ọ́ pé orúkọ ta ló wà lórí ṣíà, má ṣe sọ pé òun ló ni ín." "Ọ́" ni mo lò, kì í ṣe "yín", mi ò ní bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Sátidé, màá kà á fún ìyá ẹlẹ́ja náà kí n tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò wa.