Àbájáde: ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí
Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láìdá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ Depo àkọ́kọ́ mi (abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta) ni mo bèèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ yín níbí; ẹ dárúkọ oògùn kan fún mi, ẹ sì ní ká má fọwọ́ ra ibi tí wọ́n gún. Mefenamic acid, oògùn ìrora tí ẹ dárúkọ, ló ṣiṣẹ́: 500 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, fún ọjọ́ 5. Ẹ̀jẹ̀ dá, àmọ́ ó tún yọ díẹ̀ nígbà tó yá, torí abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ara inú ilé ọmọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tí ẹ sọ pé ká má fọwọ́ ra ibi tí wọ́n gún, òótọ́ ni, kí oògùn má bàa tètè tán lára. Ìyẹn ò kan ẹ̀jẹ̀ tó ń kán ṣá. Mo gba abẹ́rẹ́ ìkejì lẹ́yìn oṣù 3. Nǹkan oṣù ò tíì létò. Ẹni tó bá fẹ́ lóyún láìpẹ́, ó sábà máa ń tó nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí oyún tó dúró. Ẹ ṣé.