Ọlọ́pàá tó ń wakọ̀ láìde bẹ́líìtì: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí

Dẹ́rẹ́bà Fẹ̀yìntì, Akúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n sì fi mí sí. Ọdún 19 ni mo fi wa ọkọ̀ pátíróòlù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, láti Ìdànrè títí dé Ìkàrẹ́. Bí ẹ bá ní kí n ka iye ìgbà tí mo de bẹ́líìtì láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìka ọwọ́ mi méjèèjì á gbà á.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọlọ́pàá wọkọ̀ rí, ẹ̀yin tí ọkọ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá lójú títì.

Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni, ọyẹ́ ti mú. Àwa márùn-ún la jáde lọ sí ọ̀nà Oǹdó lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi wà nídìí ọkọ̀. Ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Sájẹ́ǹtì kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn kọ́nsítébù méjì sì wà níta lẹ́yìn Hilux, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi irin jó mọ́ ọn. Nígbà tá à ń padà bọ̀, aago mọ́kànlá ti kọjá. A kọjá Ọ̀wẹnà, ọ̀gá mi ní kí n tẹná mọ́ ọn, pé ó ti rẹ òun. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọwọ́ atọ́ka eré ti kọjá 110.

Ọkọ̀ agbégẹdú kan ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Kò tan iná kankan. Ewé tútù tí wọ́n já sílẹ̀ lójú ọ̀nà nìkan ni àmì tó wà níbẹ̀, ewé yẹn gan-an ni mo sì kọ́kọ́ rí nínú ìkùukùu ọyẹ́. Kí ẹsẹ̀ mi tó kan bíréèkì dáadáa, a ti dé ìdí igi. Mo já ọwọ́ sí òsì. Apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gá mi jókòó sí, ló lọ gbá gẹdú náà. Ọ̀gá mi gba ojú gíláàsì jáde. Èmi, sítíárìn fọ́ egungun ìhà mi mẹ́ta. Sájẹ́ǹtì fi ẹnu gbá ẹ̀yìn ìjókòó ọ̀gá, eyín rẹ̀ mẹ́rin lọ. Inú oko kòkó la ti lọ gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ́nsítébù náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Èkejì di irin mú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ̀. Ọ̀gá mi ò dé ilé ìwòsàn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, a dá ọkọ̀ dúró lójú títì, mo fi ọwọ́ ara mi kan gíláàsì tákísí kan, mo ní, "Bẹ́líìtì ẹ dà?" Ọmọkùnrin náà bẹ̀ mí títí. Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀ tèmi, mo jókòó lé bẹ́líìtì tèmi lórí, mo ṣíná.

Kò sí ìwé kankan tó kọ́ wa pé ká má de é. Ẹnu àwọn tá a bá lẹ́nu iṣẹ́ la ti gbọ́ ọ: bí adigunjalè bá ṣíná bolẹ̀, bẹ́líìtì á so ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Mo gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo wà lórí àkéte lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó rò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀ láàárín ọdún 19. Ọkọ̀ ti dúró pátápátá kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fò sílẹ̀, torí kò sí ẹni tó lè fò látinú ọkọ̀ tó ń sáré. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí mo lè dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mẹ́fà ni.

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà

Bàbá, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú àfẹ́kù ọ̀gá yín. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Tèmi ò pọ̀. Mò ń tajà lápá Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ọlọ́pàá gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlé, ó ń fọn fèrè, a sì fọ́n ká bí adìyẹ. Mo fi ọwọ́ fa ọmọbìnrin kékeré kan tó ń kiri ẹ̀kọ, aṣọ rẹ̀ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, a rí ọkọ̀ náà níwájú, wọ́n dúró, wọ́n ń ra búrẹ́dì. Ìgbà tí mo délé ni ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Ọlọ́pàá kan dá bàbá àwọn ọmọ mi dúró ní Road Block, ó rí i pé àwọn ìbejì dúró sáàárín ìjókòó méjèèjì. Kò béèrè kọ́bọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó wọn dáadáa, ó bá wọn de bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, ó ní òun náà bí ìbejì. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ náà ló ń rán wa létí.

Rewáyà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n gbé ọkọ̀ iṣẹ́ wá bá mi pé kí n bá àwọn pa igbe bẹ́líìtì, pìn-pìn-pìn tó máa ń ké bí o kò bá dè é. Mo máa ń gé wáyà rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Nígbà tó yá, mo ń ta ahọ́n bẹ́líìtì lásán, irin tí kò ní okùn lẹ́yìn, èyí tí wọ́n á kì bọ ihò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè rò pé ẹni náà ti dè é. Kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń rà á o. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń rà á, àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ náà ń rà á.

Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ẹni tó de bẹ́líìtì ni wọ́n ṣe airbag fún, àpò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú ìjókòó. Kí ojú tó ṣẹ́ ló máa ń bẹ́ jáde. Bí bẹ́líìtì bá dì ọ́ mú sẹ́yìn, ìgbà tí àpò náà ti kún tán lo máa bá a pàdé, á sì gbà ọ́ bí ìrọ̀rí. Bí kò bá dì ọ́ mú, ara rẹ ti sún síwájú ná, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ́ bọ̀ lo máa bá a pàdé, ẹ̀ṣẹ́ ló máa jẹ́ fún ọ. Nígbà tí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ là á yé mi, mo kó ahọ́n irin tó kù ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì jù wọ́n sínú irin àlòkù. Mi ò gé wáyà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Olùkọ́ Físíìsì, Òkè-Àró

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé, bí ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 50 láàárín wákàtí bá gbá ògiri, ẹni tí kò de bẹ́líìtì nínú rẹ̀ dà bí ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó ga tó mítà 10. Eré 50 yẹn sì ni òfin fàyè gbà nínú ìlú. Bó bá jẹ́ 100, gíga ibi tó ti já bọ́ á lé ní mítà 39. Ìlọ́po méjì eré, ìlọ́po mẹ́rin gíga. Àwọn tó ń dẹ́mu nílùú wa kò ka ìwé físíìsì, síbẹ̀ kò sí èyí tó máa gun ọ̀pẹ láìfi igbà sí ìdí. Bẹ́líìtì ni igbà awakọ̀.

Mo Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Bàbá, mo júbà. Mi ò ní sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ará ìlú gbọ́ tiwa pẹ̀lú, torí kì í ṣe àìbìkítà ló ń ṣe gbogbo wa.

Ẹ wo ohun tó wà lára mi bí mo bá jókòó: ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀, rédíò ní èjìká, ìbọn gígùn láàárín orúnkún mi. Ojú ọ̀nà Akúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ibi eré lálẹ́, ẹ ti gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé. Okùn bẹ́líìtì máa ń há mọ́ rédíò, ibi tá a ti ń kì í bọ̀ ọ́ sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Bí mo bá ń wá a kiri nínú òkùnkùn, ojú mi ò sí lójú ọ̀nà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń jù ú sílẹ̀.

Èmi náà jù ú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ohun tó yí mi padà ni pé ọ̀gá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé kọ̀ láti jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí bí a ò bá tíì dè é. Àwa ń kùn. Ó mú wa lọ sí pápá, ó ní ká dánrawò: ọwọ́ òsì lórí bọ́tìnì, ọwọ́ ọ̀tún lórí ilẹ̀kùn, kí àtàǹpàkò òsì gbé okùn náà kọjá rédíò bó ṣe ń padà sílé rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó há mọ́ mi lára, ojú tì mí. Nígbà tó máa fi di ìgbà ogún, mi ò ronú sí i mọ́, ẹsẹ̀ mi ti wà nílẹ̀. Ní báyìí, bẹ́líìtì ni mo máa ń kọ́kọ́ dè kí n tó gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnìkejì mi. Bí a bá sún mọ́ ibi tí ara ń fu wá, tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ, mo máa ń tú u sílẹ̀ ṣáájú.

Ohun tí mi ò rí ojútùú sí ni ti àwọn tó jókòó sẹ́yìn níta. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ tó kéré jù nínú wa ló máa ń wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì

Ní wọ́ọ̀dù wa, bí wọ́n bá gbé ẹni tó ní ìjàǹbá ọkọ̀ wọlé, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni ilà bẹ́líìtì, àpá tó gba èjìká sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i, ẹni náà á sì máa ké pé ó ń ro òun. Ẹni tí kò ní in, orí àti ojú ló máa ń fọ́, tàbí kí ọrùn kán. Mo ti bá ọlọ́pàá méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ pa ojú dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí okùn ìsàlẹ̀ wà lórí egungun ìbàdí, kó má gun ikùn. Bó bá gun ikùn, ó lè pa ìfun lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bẹ́líìtì máa ń dín ewu ikú kù fún ẹni tó wà níwájú ní ìdá 45 sí 50 nínú 100.

Ọmọ Akúrẹ́ ní Manchester

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà níbí. Òfin tó ní kí àwọn tó wà níwájú ọkọ̀ de bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ níbí ní 31 oṣù Kìíní ọdún 1983. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé ìlànà ọdún 1993 yọ ọkọ̀ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí mò ń rí lójú ọ̀nà máa ń dè é. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó yẹ ikú àwọn ọlọ́pàá nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wò, láti 1980 títí dé 2008. Ìdá 42 nínú 100 wọn ni kò de bẹ́líìtì. Àwọn náà ń sọ irú ohun tí Bàbá gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé á dí àwọn lọ́wọ́.

Dẹ́rẹ́bà Fẹ̀yìntì, Akúrẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun.

Ọmọ mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Ìwọ àti ọ̀gá rẹ ti ṣe ohun tí èmi ò ṣe. Ní ti àwọn tó wà lẹ́yìn, kò sí bẹ́líìtì tí a lè fún wọn lórí bẹ́ǹṣì irin. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ dẹ́rẹ́bà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ níta, rọra wà á, ẹni yòówù kó ní kí o tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ fún ọ̀gá. Tèmi gan-an, èèyàn dáadáa ni, kì bá ti bínú bí mo bá ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ de bẹ́líìtì." Mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

Lọ́dọọdún ni mo máa ń lọ kí ìyàwó wọn ní ìlú Oǹdó. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tá a jẹun tán, wọ́n bi mí bóyá bẹ́líìtì wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ó wà. Wọ́n ní ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, Màmá. Wọ́n kó àwo tó wà níwájú mi, wọ́n gbé e wọlé, wọn ò sì tètè jáde.