Ṣé mo lè fi ìda oyin àti kùkùté àbẹ́là ṣe pólíìṣì mọ́tò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìda oyin díẹ̀ ṣẹ́kù sílé mi, pẹ̀lú kẹrosíìnì àti kùkùté àbẹ́là rẹpẹtẹ. Mo fẹ́ fi wọ́n po pólíìṣì mọ́tò kí ọyẹ́ tó dé. Dúdú ni mọ́tò mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Inú omi gbígbóná ni n ó gbé agolo ìda sí, kì í ṣe orí iná, kó má baà gbiná. Àbẹ́là ló ń kọ mí lóminú: ó máa ń tètè yọ́ ju ìda oyin lọ, tí ìyẹn ń yọ́ ní nǹkan bí 63°C. Ṣé oòrùn Ìbàdàn ò ní sọ ọ́ di ọ̀rá tí eruku á lẹ̀ mọ́? Kẹrosíìnì ńkọ́, ṣé kò ní ba ọ̀dà jẹ́? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?