Ìwé wo ni kí n fún ọmọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15, ni mo ń wá ìwé fún. Láìpẹ́ yìí ló tú rédíò àtijọ́ kan palẹ̀, tí ó to àwọn ìdè rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, tí ó sì bi mí bí ohùn ṣe ń gba ojú òfuurufú wá láìsí wáyà. Ó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938. Ṣùgbọ́n ìtàn William Kamkwamba, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Màláwì tí àìsí owó lé kúrò nílé ẹ̀kọ́, tí ó sì ti inú ìwé ilé ìkàwé kọ́ bí a ṣe ń fi atẹ́gùn pèsè iná mànàmáná, ló gbà á lọ́kàn jù.

Ìwé wo lẹ mọ̀, yálà lórí ìràwọ̀, ìtàn ilẹ̀ wa tàbí ọgbọ́n ìrònú, tí kò ní le jù fún un, tí kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́? Kò burú bó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ inú mi yóò dùn gan-an bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìwé sáyẹ́ǹsì tí a fi Yorùbá kọ, tí a ṣì lè rí rà.