Ìkòkò ọtí líta 300: ṣé ká fi ẹ̀rọ darí ẹ̀, àbí ká máa fọwọ́ yí i lọ?

OníKọ́pà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìkòkò kọ́pà líta 300 la fi ń sẹ́ ọtí. Èlímẹ́ńtì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, 5.5 kW lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan náà ló ń ṣọ́ iná, tó ń ṣọ́ omi, tó tún ń tọ́ ọtí wò. Ẹni tó fẹ́ ta pánẹ́ẹ̀lì (àpótí ẹ̀rọ tó ń darí iná) fún wa ní ká fi PT100, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná, sí ọrùn ìkòkò, ká so ó mọ́ PID, ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń dín in kù kí ìgbóná lè dúró síbi tá a bá tẹ̀, ká tẹ 78°C sí i, ẹ̀rọ á sì máa pín àkọ́jáde ọtí, àárín àti ìkẹyìn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀gáWaya
Ẹ má tíì sanwó. Tí ìkòkò bá ti ń hó, ìgbóná ẹ̀ kì í gbọ́ ti iná mọ́, ti ọtí tó kù nínú ẹ̀ ló ń gbọ́. Ẹ fi iná kún un, kò ní gbóná sí i, á kàn máa dà kíákíá ni. 78.4°C ni ọtí pọ́ńbélé ń hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ọtí tó jẹ́ 8% á kọjá 90°C kó tó hó. Bí ooru ẹ̀ tó ń rú sókè bá ṣe kan sẹ́ńsọ̀ báyìí, PID á paná. Tó bá tutù, á tún tan án. Ọtí á máa dà, á máa dúró.

Ìdá iná ni kí ẹ̀rọ máa darí, kì í ṣe ìgbóná. 100% títí ọrùn ìkòkò á fi dé 60°C, lẹ́yìn náà kó já a sí nǹkan bí 45%. Láti 20°C dé 90°C pẹ̀lú 16.5 kW, ó kéré tán wákàtí kan ààbọ̀ ni. Àsìkò yẹn gan-an lẹ̀rọ máa dá padà fún yín.

Omi ìtutù ló tún yẹ ẹ̀rọ jù. Tí iná bá wà ní 100%, tómi ń wọlé ní 20°C, tó ń jáde ní 50°C, ẹ máa nílò nǹkan bí líta 8 ní ìṣẹ́jú kan. Fáàfù oní-mọ́tò tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Solenoid, fáàfù tó jẹ́ pé kó ṣí tán tàbí kó pa tán ló mọ̀, á máa pa dé gbà, páìpù á máa lù gbà-gbà-gbà, ọtí náà ò sì ní dà déédéé.

Imú_ló_mọ̀
Ní ti pínpín, ẹ fi sílẹ̀ fún imú. Tí agbára tí afẹ́fẹ́ ojú ọjọ́ fi ń tẹ nǹkan (hPa ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) bá yí ní 10 hPa péré, ìgbóná tí ọtí fi ń hó á sún ní nǹkan bí 0.3°C. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ tẹ̀ lánàá ti ṣìnà lónìí nìyẹn. Ẹ má sì gbà pé torí 64.7°C ni methanol, oró tó máa ń wà nínú ọtí, ń hó, á kọ́kọ́ jáde tán. Ó máa ń bá gbogbo ọtí rìn ni. Tó bá ti ń súnmọ́ ibi ìpínyà, ẹ gbà á sínú ìgò kéékèèké, ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó gbóòórùn ẹ̀.

OníKọ́pà
Ẹ ṣeun gan-an. Tí iná àtomi bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ṣé a lè fi sílẹ̀ ká lọ ṣe nǹkan míì?

Ọ̀gáWaya
Rárá o. SSR, súìṣì kékeré tó ń tan iná èlímẹ́ńtì tó sì ń pa á, tó bá bàjẹ́ kì í sábà já, ńṣe ló máa ń lẹ̀ pọ̀, iná á sì máa lọ tààrà. Ẹ fi kọntátọ̀, súìṣì ńlá tó lè já gbogbo iná, síwájú ẹ̀. Súìṣì tó ń mọ̀ bóyá omi ń ṣàn, ibi tómi ti ń jáde ni kó wà, kẹ́ ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ kọntátọ̀ yẹn ní tààrà, kó má gba inú kọ̀ǹpútà kankan kọjá. Torí ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá dì ńkọ́? Pánẹ́ẹ̀lì ò gbọdọ̀ wà nítòsí ẹnu ibi tọ́tí ti ń dà: 3.3% ooru ọtí nínú afẹ́fẹ́ ti tó gbaná. Ooru ọtí sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn ẹ̀ sí. Ẹ má fi fáàfù kankan sójú ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde, àfi fáàfù ààbò nìkan lórí ìkòkò.

Kẹ́ ẹ tó da ọtí sí i, ẹ da omi lásán sí i kẹ́ ẹ sè é. Tó bá ń hó, ẹ ti omi ìtutù pa, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí kọntátọ̀ fi já. Tó bá kọjá 5, ẹ tú wáyà yẹn wò.